Ẹ Ṣọ́ra fún Ara Gbígbóná Lára Ọmọ Tó Ní Ẹ̀rọ Nínú Etí

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú etí ọmọ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tu owó jọ láti ṣe é. Bí ara ọmọ náà bá gbóná, ẹ má gba ilé kẹ́mísìtì lọ. Ẹ má ra oògùn ibà fún un kí ẹ wá máa wò ó títí di ọ̀túnla. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà sì jẹ́ pé, "Ẹ̀rọ wà nínú etí ọmọ yìí." Mo mọ̀ pé ara gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ já wa láyà mọ́ nílẹ̀ wa. Ẹ̀fọn ń jẹ gbogbo wa, ibà sì ti di ará ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti ti okùn tín-ín-rín wọ inú egungun etí rẹ̀ kò ṣe é fi wé àwọn ọmọ yòókù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

N kò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sá nídìí iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cochlear implant ti ṣe ohun tí àwọn bàbá wa kò lè rò láé. Ọmọ tí èéyi, yínrùnyínrùn, àìsàn pọ́njú tó mú un ní ìkókó, tàbí abẹ́rẹ́ gentamicin tó pọ̀ jù ti dí létí pátápátá, tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń há sétí lásán kò sì wúlò fún, ń tipa rẹ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó ń dáhùn, ó ń kọ́ èdè, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá ṣe tètè ṣe é fún ọmọdé tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣe é ni kò rí ju kí ojú egbò máa ro wọ́n díẹ̀, kí òòyì sì máa kọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ewu tí mo fẹ́ sọ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Òbí tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn kò ní rí ìtùnú kankan nínú pé kò wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dé inú orí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Apá kan rẹ̀ wà níta: èyí tí ọmọ ń fi kọ́ etí, tó ń gba ohùn, àti róbótó kékeré kan tí mágínẹ́ẹ̀tì mú mọ́ awọ orí. Apá kejì wà lábẹ́ awọ lẹ́yìn etí. Òun ló ní okùn tín-ín-rín tó ń gbé iná mànàmáná lọ sínú cochlea, ìyẹn ihò egungun tó lọ́ yípo nígbà méjì àti ààbọ̀ nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ohùn ti ń di iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún ọpọlọ. Kí oníṣẹ́ abẹ tó dé ibẹ̀, á la awọ ẹ̀yìn etí, á fi ẹ̀rọ ìlúhò gbẹ́ egungun, á gba àárín etí kọjá, á wá ti okùn náà wọlé. Àárín etí yìí ní ojú ọ̀nà tó já sẹ́yìn imú àti ọ̀fun, kòkòrò tó bá wà nínú imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà lè gba ibẹ̀ gòkè. Inú cochlea ní tirẹ̀ sún mọ́ omi tó yí ọpọlọ ká pẹ́kípẹ́kí. Egungun àti awọ tí Ọlọ́run fi dínà láàárín cochlea àti àárín etí ni iṣẹ́ abẹ yìí lu. Ara á máa hu ẹran dí ojú ihò náà yí okùn ká, ó sì máa ń dí dáadáa lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Níbi tí kò bá ti dí tán, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1961 ni William House ti fi irú rẹ̀ sí èèyàn létí ní Los Angeles, Graeme Clark sì ṣe èyí tí okùn rẹ̀ ní ojú iná púpọ̀ ní Melbourne ní 1978. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní 1984, ó sì fọwọ́ sí i fún ọmọdé ní 1990. Ní 2002 ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pé yínrùnyínrùn, àìsàn tí ń mú awọ tó bo ọpọlọ, ń kọlu àwọn tó ní ẹ̀rọ nínú etí, àti pé àwọn mìíràn ti kú. Ní oṣù Keje ọdún náà, FDA kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ilé iṣẹ́ Advanced Bionics sì kó oríṣi kan nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Oríṣi yẹn ní rọ́bà kékeré kan tí wọ́n ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn nínú cochlea, kí okùn lè rọ̀ mọ́ iṣan ìgbọ́ràn dáadáa. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó jáde sí i ni pé ó gba àyè jù nínú ihò tóóró náà.

Àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà wá ka àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún láti 1997 sí 2002. Ọmọ 4,264 ni wọ́n. Yínrùnyínrùn tí bakitéríà ń fà mú 26 nínú wọn, ó sì padà mú àwọn kan lẹ́ẹ̀kejì, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ìgbà 29. Kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi èyí tí kòkòrò pneumococcus fà wé bó ṣe ń mú àwọn ọmọ yòókù láwùjọ, ó ju ìlọ́po 30 lọ. Ewu àwọn tó ní rọ́bà yẹn ju ti àwọn tí kò ní in lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀. Àwọn ọmọ tí inú etí wọn kò pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn náà wà nínú ewu tó ga. Rọ́bà yẹn nìkan kọ́ ló lẹ̀bi o. Yínrùnyínrùn mú àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn kò ní rọ́bà kankan pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà síwájú, wọ́n rí àwọn tí àìsàn náà mú lẹ́yìn tó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Èyí ló yẹ kí ẹ dì mú jù lọ. Egbò ti san, irun ti bo ojú àpá, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ti gbàgbé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìgbà náà gan-an ni ara gbígbóná kan lè dé tí kò ní í fara jọ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò tó wà. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ìkókó ní ti pneumococcus nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, pa pọ̀ mọ́ èyí tí ń dènà kòkòrò Hib. Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni wọ́n fi ti pneumococcus kún ètò náà. Ọ̀dọ́ tàbí àgbà tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn lè má gbà á rí láyé rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò gbé lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá kò sì tíì gbà á tán. Yàtọ̀ sí ti ìkókó, oríṣi mìíràn tún wà tí ń dènà ẹ̀yà kòkòrò náà 23, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú etí bó bá ti pé ọdún méjì. Kò sí nínú èyí tí ìjọba ń fún ìkókó, owó ara ẹni ni wọ́n fi ń rà á. Ó yẹ kí ọ̀sẹ̀ 8 wà láàárín òun àti ti àkọ́kọ́, kí gbogbo èyí tí ọjọ́ orí ọmọ gbà sì ti parí ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Ẹ fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, ẹ máa rí i pé ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lókè òkun kó tó béèrè ti pẹ́ jù. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìgba abẹ́rẹ́, kí ó lọ gbà á báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè ọya, tàbí tí ẹ ń rán ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè fún ti yínrùnyínrùn tó máa ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú. Àjẹsára tuntun tí ń dènà ẹ̀yà rẹ̀ márùn-ún ti wọ Nàìjíríà láti 2024.

Kí ni ẹ máa rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé yínrùnyínrùn ti dé? Ara gbígbóná, orí fífọ́ tí kò dáwọ́ dúró, èébì, ọrùn tó le débi pé ọmọ kò lè fi àgbọ̀n kan àyà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gún un lójú, oorun tí ẹ jí i títí tí kò jí dáadáa, gìrì. Ìkókó kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Á kọ ọmú, á máa ké lọ́nà tí gbígbé pọ̀n kò ní rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, àwùjẹ̀ rẹ̀ sì lè yọ sókè. Bí gìrì bá dé, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná, ẹ má da àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: yínrùnyínrùn tí wọ́n bá tètè fi oògùn apakòkòrò bá jà ṣe é wò, èyí tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú bí ibà lè pa ọmọ tàbí kí ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Nǹkan méjì máa ń dènà ìtọ́jú nílé ìwòsàn wa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n ṣáájú. Èkíní ni àyẹ̀wò ibà. Wọ́n á gún ọmọ níka, ìlà méjì á yọ, gbogbo èèyàn á mí kanlẹ̀ pé ibà ni. Nílẹ̀ tí kòkòrò ibà wà lára ọ̀pọ̀ ọmọ, àyẹ̀wò yẹn kò sọ pé yínrùnyínrùn kò sí níbẹ̀, méjèèjì lè wà lára ọmọ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún dókítà, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, nítorí ẹ̀rọ etí yìí, ẹ bá wa wò ó bóyá yínrùnyínrùn ni." Èkejì ni omi ẹ̀yìn. Dókítà lè fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kí ó lè mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀. Àìmọye òbí ló ń kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ó ń sọni di arọ. Ibi tí wọ́n ń gún wà nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Àìsàn tí wọ́n ń wá yẹn gan-an ló ń sọ ọmọ di arọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á.

Etí dídùn pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí etí tó ní ẹ̀rọ bá ń dun ọmọ, tàbí tó ń ṣọyún, ọjọ́ náà ni kí dókítà rí i, nítorí ọyún inú àárín etí ni kòkòrò ń gbà kọjá. Ẹ má kán adí sí i. Ẹ má kán omi àlùbọ́sà tàbí omi ọmú sí i.

Omi kan tún wà tí àwọn ìyá máa ń pè ní ọ̀fìnkìn. Lára àwọn ọmọ tí cochlea wọn kò pé, bí oníṣẹ́ abẹ bá ti lu ihò sí i, omi tó yí ọpọlọ ká lè tú jáde wàrà. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń múra sílẹ̀ fún un: á gé ẹran kékeré tàbí awọ tó bo iṣan lára ọmọ náà fúnra rẹ̀, á fi há ojú ihò náà yí okùn ká pinpin, ọmọ á sì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú orí sókè fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀ ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá délé. Ó máa ń gba ojú ọ̀nà àárín etí bọ́ sí imú. Tí ọmọ bá tẹrí ba láti wọ bàtà, omi tó mọ́ gaara, tí kò ki, á máa kán tó, tó, láti ihò imú kan ṣoṣo, ọmọ tó bá gbọ́n díẹ̀ á ní iyọ̀ ń bẹ lọ́fun òun. Ọ̀fìnkìn kì í fi ihò imú kan sílẹ̀ kó máa dà ní ìkejì bẹ́ẹ̀ láìki láìpọ́n. Ẹ gbé e padà lọ bá àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nítorí irú èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí láìkọ́kọ́ ya àwòrán inú etí pẹ̀lú síkáànù. Ó wọ́n, òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí a kò rí ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó wọ́n jù.

Mo ní láti sọ ti ojú pẹ̀lú, nítorí òun ló máa ń ba òbí lẹ́rù jù. Iṣan tó ń darí ìdajì ojú, tó ń jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín kí a sì pa ojú dé, gba inú egungun ẹ̀yìn etí kọjá. Oníṣẹ́ abẹ ń gba àlàfo tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ láàárín iṣan yìí àti iṣan kékeré kan tó ń gbé adùn oúnjẹ láti orí ahọ́n. Bí irin ìlúhò bá fi ara kan egungun tó bo iṣan ojú láìjẹ́ pé wọ́n ń da omi sí i bó ṣe ń yí, ooru rẹ̀ nìkan lè jó iṣan náà láìjẹ́ pé irin kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so wáyà kéékèèké mọ́ ojú ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ kan lè ké bí wọ́n bá ti sún mọ́ iṣan náà jù. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ lò ní in. Ojú tó wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò wọ́pọ̀, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn á jí dáadáa, ojú rẹ̀ á wá wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nítorí iṣan tó wú, èyí sì máa ń padà bọ̀ sípò bí dókítà bá tètè fún un ní oògùn. Títí ìgbà yẹn, ojú tí kò pa dé lè gbẹ kí ó sì ní egbò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa kán oògùn sí i kí wọ́n sì bò ó lóru. Ní ti ahọ́n, àwọn kan máa ń sọ pé ọbẹ̀ ń dà bí irin lẹ́nu àwọn fún oṣù mélòó kan. Ó máa ń lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ náà, ọmọ ti ń gbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ pè é, ìpéǹpéjú ọ̀tún ọmọ náà gbọ̀n pì. Ó tún pè é, ó tún gbọ̀n pì. Bí wọ́n bá lu ìlù nítòsí, igun ẹnu á fà sókè. Iná tó ń lọ sí iṣan ìgbọ́ràn ló ń ṣẹ́ dé iṣan ojú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí egungun etí wọn ti yí padà, títí kan àwọn tí yínrùnyínrùn ló dí wọn létí. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé, ẹ má gbé ọmọ kiri ilé àdúrà nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà lè pa ojú iná tó ń ṣe é tàbí kí ó dín agbára rẹ̀ kù, ojú á sì dákẹ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé okùn náà ṣẹ́ po nínú cochlea, tàbí tó yà sínú ihò tí ń jẹ́ kí a lè dúró láìṣubú. Bákan náà ló ti yà rí, lára àwọn èèyàn díẹ̀ kan, sínú ọ̀nà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ gbà kọjá níwájú cochlea. Àwòrán ẹ́síréè kan ṣoṣo tí wọ́n yà kí ọmọ tó kúrò lórí tábìlì lè fi hàn wọ́n nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń yà á, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ sílé.

Nípa ẹ̀jẹ̀, ẹ rántí bí ọmọ ṣe kéré tó. Ọmọ tó wọn kílò 10 ní ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 800 mílílítà, kò tó píọ́ wọ́tà méjì. Egungun orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ojú ibùsùn fún ẹ̀rọ, wọ́n lè kan awọ tó bo ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa sun jọ sábẹ́ egungun láìfarahàn. Ọmọ tó jí dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó wá ń sùn lọ, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, kí wọ́n tètè ya àwòrán orí rẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílò ìmúrasílẹ̀ ju gbogbo ọmọ lọ: oògùn akunilóorun, òtútù àti àìmu omi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún un, pneumococcus fúnra rẹ̀ sì tún jẹ́ ọ̀tá àtijọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú.

Ẹ̀rọ inú etí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan awọ tó bò ó. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, tó wú, tó gbóná, tàbí tí mágínẹ́ẹ̀tì tó máa ń lẹ̀ mọ́ orí wọ̀ọ̀ kò lẹ̀ mọ́, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀, yálà ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún. Kòkòrò máa ń fi ara rẹ̀ bò mọ́ra lórí irin àti rọ́bà débi pé oògùn kì í ká a mọ́, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé yíyọ ẹ̀rọ náà kúrò nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má lẹ ewé mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sórí ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà lè fẹ́ ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Onídìrí náà kò gbọ́dọ̀ fa irun ibẹ̀ le. Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá lágbára jù máa ń há awọ mọ́lẹ̀ títí awọ á fi kú, bí ẹ bá rí ojú róbótó pupa lábẹ́ rẹ̀ tí kò lọ, ẹ béèrè fún èyí tó rọ̀.

Nígbà tí ọmọ tó ti ń gbọ́ràn dáadáa bá ṣàdédé ń yọ ẹ̀rọ rẹ̀ sọnù, tó ń sunkún nígbà tí ẹ bá kọ́ ọ sí i létí, tàbí tí tíṣà ní kò fetí sílẹ̀ mọ́, ẹ má nà án. Ẹ̀rọ inú etí lè bàjẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Cochlear ti Ọsirélíà kó oríṣi kan nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, Nucleus CI500, kúrò lọ́jà nítorí pé iye ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ nínú wọn ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní 2020, Advanced Bionics náà kó oríṣi kan tirẹ̀ kúrò nítorí omi tó ń wọ inú rẹ̀ tó sì ń dín ìgbọ́ràn kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sì máa ń pèsè ẹ̀rọ náà bí ó bá ṣì wà nínú àkókò tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọ kékeré kò lè sọ pé ohùn náà ti yí padà. Ìwà rẹ̀ nìkan ló lè fi sọ fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ọmọ lọ sí Íńdíà tàbí ibòmíràn fún iṣẹ́ abẹ yìí, a sì máa ń padà wálé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí nìyí. Ẹni tó mọ inú etí ọmọ náà ti wà lókè òkun, ara gbígbóná sì lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: dókítà etí wo nílé ni ẹ máa bá ṣiṣẹ́ pọ̀? Ta ló máa máa tún ẹ̀rọ náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ibo ló wà, èló ló ń gbà? Bí okùn tó wà níta bá já, èló ni òmíràn? Tí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ dá owó yín dúró ná. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí nílé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín kí ẹ tó rìnrìn àjò, kí ó mọ ọmọ náà, kí fáìlì rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ gba káàdì ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Orúkọ ẹ̀rọ, nọ́mbà rẹ̀, etí tó wà àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀: ọ̀kan nínú báàgì ilé ìwé, ọ̀kan lọ́wọ́ tíṣà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ọmọ máa ń lọ lo ọlidé. Ẹ kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé bí ara ọmọ yìí bá gbóná, ilé ìwòsàn ni. Ẹ kọ ọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ ẹ̀rọ MRI láìkọ́kọ́ wá irú ẹ̀rọ tó ní, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ etí ọmọ náà lè yẹ̀ kúrò níbi tó wà pẹ̀lú ìrora ńlá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé bí wọ́n bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un, tàbí tí dókítà eyín bá fẹ́ gé nǹkan lẹ́nu rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fi irin oníná tí ń jó ẹran tí wọ́n ń pè ní monopolar ṣe é ní agbègbè orí àti ọrùn. Kí nọ́mbà fóònù dókítà etí tilé yín wà nísàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ.